Ẹ̀rù Ìkúnlẹ̀ Àkọ́kọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní Abúlé Ẹ̀gbá)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ béèrè orí ọ̀rọ̀ tí a ó sọ lé lórí, tí a sì dá a lóhùn pé ẹ̀rù ìrọbí ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kò ní sàn kí a gbé e lọ sí ìpàdé àwọn ìyá. A kò bá a jiyàn púpọ̀. A kàn rán an létí pé ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àwa ọkùnrin ni a máa ń jókòó síwájú. Àwa ni a ń gba obì, àwa ni a ń ṣe àdúrà, àwa ni a ń pe orúkọ ọmọ. Ẹni tí ó bá jókòó síwájú ní ọjọ́ kẹjọ, kò yẹ kí ó sá sẹ́yìn ní ọjọ́ kìíní.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. A fẹ́ sọ pé ẹ̀rù tí ń ba ọmọbìnrin tí ó lóyún àkọ́bí kì í ṣe ìwà ojo, kì í sì í ṣe àìní ìgbàgbọ́. Pé àṣẹ àti ìbáwí kò lè lé ẹ̀rù náà lọ. Àti pé ohun tí ó lè mú un fúyẹ́ wà ní ọwọ́ ilé àti ìlú. Díẹ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ti wà nínú àṣà wa rí, àwa fúnra wa ni a jẹ́ kí ó bọ́ sọnù.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa, nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ìran Yorùbá, a máa wí pé obìnrin Yorùbá àtijọ́ kì í ké bí ó bá ń rọbí; pé oko ni ó ti ń bímọ, tí yóò pọn ọmọ sẹ́yìn, tí yóò sì ru igi ìdáná rẹ̀ wá sílé; àti pé ẹ̀kọ́ òyìnbó ni ó sọ àwọn ọmọbìnrin òde òní di ẹlẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí a bi èdè wa léèrè bóyá òótọ́ ni. Nígbà tí a bá wọ ilé tí a ti bímọ, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń wí ni pé, “Ẹ kú ewu ọmọ.” Ewu ni àwọn baba wa pè é, wọn kò pè é ní eré. Nígbà tí a bá fẹ́ fi ohun tí ó wúwo jù lọ bẹ ènìyàn, ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni a fi ń bẹ̀ ẹ́. Àdúrà tí a ń gbà fún aboyún ni pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ọ̀kan nínú ohùn méjèèjì lè dákẹ́, kò ní gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo orúkọ àmútọ̀runwá wa. Ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ jáde ni Ìgè. Èyí tí ó bá dojú bolẹ̀ ni Àjàyí. Èyí tí ó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn ni Òjó bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná bí ó bá jẹ́ obìnrin. Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí a kò sì lè gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, orúkọ rẹ̀ ń sọ bí ó ṣe wá sí ayé. Ìran tí ó fi orúkọ ọmọ pa ìtàn ìkúnlẹ̀ ìyá rẹ̀ mọ́ kì í ṣe ìran tí ó ka ìbímọ sí ohun kékeré. Nítorí náà, ìhalẹ̀ pé obìnrin wa kì í bẹ̀rù, kì í sì í ké, kì í ṣe ogún tí a jẹ lọ́wọ́ àwọn baba wa. Ìhalẹ̀ àwa ọkùnrin ni, àwa tí a kò kúnlẹ̀ rí.

Kí ni ẹ̀rù náà gan-an? Ní 1858, oníṣègùn ará Faransé kan tí ń jẹ́ Louis-Victor Marcé kọ ìwé nípa ọkàn àwọn aboyún, ó sì ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó lóyún àkọ́bí a máa dààmú púpọ̀ nítorí ìrora tí ń bọ̀, èyí tí kò tíì mọ̀. Bí a bá fi sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin wa, a ó rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀rù náà pín sí. Èkíní ni ẹ̀rù ohun tí a kò mọ̀. Èkejì ni ẹ̀rù pé a ó dá nìkan wà láàárín àwọn àlejò, àti pé ojú yóò ti ni. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rù ikú. Oògùn kan ṣoṣo kò lè wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Ìwé Mímọ́ yóò rántí Rákélì, aya Jákọ́bù, nínú orí 35 ìwé Gẹ́nẹ́sísì. Ó ń rọbí lójú ọ̀nà Éfúrátì, ó sì nira fún un gidigidi. Agbẹ̀bí tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sọ fún un pé kí ó má ṣe bẹ̀rù, nítorí ọmọkùnrin ni yóò tún bí. A bí ọmọ náà, Rákélì sì kú. A kò lè bá agbẹ̀bí náà wí, nítorí obìnrin rere ni. Ṣùgbọ́n kò ní ohun mìíràn lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ ìtùnú lọ. Láti ìgbà náà títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń wí fún aboyún pé “Má bẹ̀rù,” tí a kò sì fi nǹkan kan tì í lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó yẹ kí a fi tì í.

Ohun èkíní ni ìmọ̀. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ọmọbìnrin tí ó mọ bí ìrọbí ṣe ń lọ kì yóò rò pé ikú dé nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀. Ilé-ọmọ jẹ́ iṣan líle. Bí àkókò bá tó, yóò máa súnkì, yóò sì máa dẹ̀. Nígbà tí ó bá súnkì ni ìrora ń dé. Nígbà tí ó bá dẹ̀, ìrora a lọ, ìyá a sì mí kanlẹ̀. Bí ìgbì òkun ni: ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, àlàfo sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Bí ó ti ń súnkì bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ilé-ọmọ ń ṣí díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10, kí ọmọ tó rí ọ̀nà gbà. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2018, a sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí lè pẹ́ tàbí kí ó má pẹ́, ó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹnu ilé-ọmọ bá ti ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 5, kì í sábà ju wákàtí 12 lọ fún ẹni tí ń bí àkọ́bí, ìrọ̀bí ìkẹyìn tí ìyá fi ń ti ọmọ jáde kì í sì í sábà ju wákàtí 3 lọ.

Ẹ wo bí ìmọ̀ kékeré yìí ti lè tú ìdè ńlá. Ọmọbìnrin tí ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní ìrọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ sì mọ́ tí ọmọ kò tíì dé, àwọn ará ilé a máa bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ayé ń ṣe é, tàbí pé kí ó jẹ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀. Ìrora kan ń bá a jà, ẹ̀sùn tún dé bá a. Bí ó bá jẹ́ pé agbẹ̀bí tí ó kọ́ṣẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì wí pé ohun gbogbo ń lọ déédéé, kò sí ìjẹ́wọ́ kan láti jẹ́. Àkọ́bí ni, ọ̀nà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni.

Oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì kan, Grantly Dick-Read, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1933, ó sì tún kọ èyí tí ó gbòòrò ní 1942. Ohun tí ó kọ́ni ni pé ẹ̀rù a máa mú kí ara le. Líle ara a máa fi kún ìrora. Ìrora a sì tún máa fi kún ẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yípo. Ní 1951, Fernand Lamaze, oníṣègùn ará Faransé, lọ sí ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ó sì mú ọ̀nà ìkọ́ni kan bọ̀ wá sí Paris, èyí tí a fi ń kọ́ àwọn aboyún bí a ti ń mí àti bí a ti ń dẹ ara nígbà ìrọbí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí Dick-Read wí ni àwọn oníṣègùn gbà lónìí. Ó fẹ́rẹ̀ ka ẹ̀rù sí orísun gbogbo ìrora, èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ìrora ìrọbí kì í ṣe èrò ọkàn lásán, a kò sì gbọdọ̀ sọ fún obìnrin tí ó ké pé ẹ̀bi rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà dúró: ẹni tí ó mọ̀, tí ó ti fi mímí jinlẹ̀ ṣe ìdárayá ṣáájú, tí ó ti rí yàrá ìrọbí tí ó sì ti bá àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé, yóò bá ìrora náà pàdé bí ẹni tí a ti sọ fún.

Nínú ọ̀rọ̀ ìmọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa nínú ilé. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Àwọn àǹtí àti aládùúgbò a máa jókòó ti aboyún àkọ́bí, wọn a sì máa ròyìn gbogbo ìjàm̀bá tí wọ́n gbọ́ rí: ti ẹni tí ó rọbí fún ọjọ́ mẹ́ta, ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá. Bí ó bá wí pé ẹ̀rù ń ba òun, wọn a ní, “O kò tíì rí nǹkan kan.” Àwọn ilé mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ìdákẹ́ ni tiwọn, ìyá kò sọ nǹkan kan fún ọmọ rẹ̀, nítorí pé ìtìjú ni. Ìròyìn ẹ̀rù àti ìdákẹ́, ìyàtọ̀ wọn kò pọ̀, nítorí pé méjèèjì ni ó fi ọmọ náà sílẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ohun kejì ni ẹni tí yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Níhìn-ín ni àṣà wa ti ṣáájú àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní ayé àwọn baba wa, aboyún kì í dá rọbí nínú agbo ilé. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Agbẹ̀bí wà níbẹ̀. Ẹnìkan di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ẹnìkan sì ń pè é ní oríkì. Nígbà tí ìrọbí kó lọ sí ilé ìwòsàn, a jèrè ọwọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ àti oògùn tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Èrè ńlá ni, a kò sì gbọdọ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, a sọ fún ìyá ọmọ pé kí ó dúró síta, ọmọbìnrin sì wọlé ní òun nìkan.

Ní ìlú Ìbàdàn, ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì tí a ń pè ní UCH, àwọn oníṣègùn wa fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìdánwò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009. Àwọn obìnrin tí iye wọn fẹ́rẹ̀ tó 600 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan rọbí gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé ìwòsàn. Apá kejì mú ẹnìkan tí wọ́n fẹ́ wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mú ọkọ wọn. Àwọn tí ó ní alábàárìn ròyìn ìrora tí ó kéré sí ti àwọn yòókù, àkókò ìrọbí wọn kúrú, wọ́n tètè fún ọmọ lọ́mú, àwọn tí a sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún láti gbé ọmọ jáde kéré púpọ̀ nínú wọn sí ti ẹgbẹ́ kejì. Ní 2017 ẹ̀wẹ̀, a kó ìwádìí 26 jọ láti orílẹ̀-èdè 17, àwọn obìnrin tí ó wà nínú wọn sì ju 15,000 lọ. Ohun kan náà ni wọ́n fi hàn. Láti 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi í sínú ìlànà rẹ̀ pé kí gbogbo obìnrin tí ń rọbí ní ẹni tí ó yàn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí ìyá àgbà ń ṣe láìgba owó ọ̀yà ni ayé padà wá kọ́.

Ìlànà náà tún wí pé kí a jẹ́ kí obìnrin tí ń rọbí dìde, kí ó rìn, kí ó sì yan bí ara rẹ̀ ti fẹ́ wà, dípò kí a máa fi dandan mú un dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn. Àwa tí a pe ìbímọ ní ìkúnlẹ̀, kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa.

Kí ni ó ń dí alábàárìn lọ́wọ́ nígbà náà? Àwọn nọ́ọ̀sì a máa wí pé ibùsùn pọ̀ nínú yàrá kan, kò sì sí aṣọ ìkélé láàárín wọn. Bí ọkọ ẹnìkan bá wọlé, ìhòòhò ẹlòmíràn ni yóò rí. Òdodo ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n aṣọ ìkélé kì í ṣe ohun tí ó kọjá agbára ìlú. Ẹgbẹ́ tí ó ń dá aṣọ ẹbí lọ́dọọdún lè ra aṣọ ìkélé fún ibùsùn mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú tún wà. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn obìnrin tí a kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí wọ́n ti di abiyamọ báyìí, pé nígbà tí wọ́n ké nínú ìrora, a bi wọ́n pé ṣé wọ́n ké ní ọjọ́ tí wọ́n gba oyún náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan tàbí méjì. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2019, tí a ṣe ní Gáná, Gínì, Myanmar àti Nàìjíríà, fi hàn pé ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn obìnrin náà ni a lù, tàbí tí a bú, tàbí tí a fojú tẹ́ńbẹ́lú nígbà ìrọbí; àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí kò kàwé ni ó sì kàn jù. Ẹni tí ẹ̀gàn ń dúró dè ní ilé ìwòsàn, ẹ má ṣe yà yín lẹ́nu bí ó bá pẹ́ nílé títí ewu fi dé.

Ohun kẹta kan àwa oníwàásù gan-an. Ní 1847, James Young Simpson, oníṣègùn ní ìlú Edinburgh, bẹ̀rẹ̀ sí í lo chloroform láti fi mú ìrora ìrọbí fúyẹ́. Àwọn kan dìde sí i, wọ́n ní Gẹ́nẹ́sísì ti wí pé nínú ìrora ni obìnrin yóò máa bímọ. Simpson kọ̀wé dá wọn lóhùn, ó rán wọn létí pé Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ mú kí Ádámù sùn fọnfọn kí Ó tó yọ egungun ìhà rẹ̀. Ní 1853, John Snow lo oògùn kan náà fún Ọbabìnrin Fikitóríà nígbà ìbí Leopold ọmọ rẹ̀, ariwo náà sì rọlẹ̀. Àwa yóò fi ohun kan kún un. Nínú èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ kan náà ni a lò fún ìrora Éfà àti fún làálàá Ádámù lórí ilẹ̀ nínú ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti mú ìrora obìnrin fúyẹ́, ẹ jẹ́ kí àwa náà sọ ọkọ́ àti katakata nù, kí a máa fi èékánná wú ebè.

Lónìí, afẹ́fẹ́ tí a ń mí símú wà, abẹ́rẹ́ wà, èyí tí a ń gún sí ẹ̀yìn pẹ̀lú wà. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn wa ni ó ní wọn, owó wọn kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí aboyún béèrè kí ọjọ́ tó pé, kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ìbéèrè náà jẹ́ àìgbàgbọ́.

A sì ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn ará wa oníwàásù. A máa ń gbàdúrà pé kí aboyún bímọ bí obìnrin Hébérù. Àdúrà ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ padà ka orí kìíní ìwé Ẹ́kísódù. Ṣífúrà àti Púà, àwọn agbẹ̀bí, ni wọ́n sọ fún Fáráò pé àwọn obìnrin Hébérù a máa tètè bímọ kí agbẹ̀bí tó dé. Wọ́n fi gba ẹ̀mí àwọn ọmọkùnrin là lọ́wọ́ ọba burúkú. Ọ̀rọ̀ tí a sọ láti dá ẹ̀mí sí, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ọ́ di òfin tí ń gba ẹ̀mí. A mọ àwọn tí dókítà wí fún pé iṣẹ́ abẹ ni ó kù, tí wọ́n kọ̀, nítorí pé àwọn ará ìjọ yóò wí pé wọn kò bímọ bí obìnrin. Ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún ti kúnlẹ̀, ó sì ti bímọ. Kí a kí i ní “Ẹ kú ewu ọmọ” pẹ̀lú ohùn kíkún.

Ohun kẹrin ni ewu gan-an, nítorí ẹ̀rù ikú kì í ṣe ẹ̀rù asán. Ìwádìí orílẹ̀-èdè wa ti 2018 ṣírò pé nínú ìbímọ 100,000, ìyá 512 ni ó ń kú nítorí oyún tàbí ìbímọ. Ẹ jẹ́ kí a ka iye yìí láti apá méjèèjì. Sí aboyún tí ẹ̀rù ń bà, a ó wí pé nínú ìbímọ 100, ó ju 99 lọ tí ìyá yóò yè. Òdodo ni, kí ó sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n sí ẹ̀yin ìjòyè àti àgbà ìlú, a ó wí pé ní Ìlú Ọba iye náà kò ju bí 10 sí 15 lọ nínú 100,000. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iye méjèèjì kì í ṣe àyànmọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, ẹ̀jẹ̀ ríru àti gìrì aboyún, ọmọ tí kò rí ọ̀nà gbà, àti àrùn tí ń wọ ara lẹ́yìn ìbímọ ni ó ń pa ọ̀pọ̀ wọn, oníṣègùn sì mọ ìtọ́jú gbogbo wọn bí a bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní 1994, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, fi hàn pé ìdádúró mẹ́ta ni ó ń pa abiyamọ: ìdádúró nílé kí a tó pinnu láti lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró lẹ́yìn tí a ti dé ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí a fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo Abúlé Ẹ̀gbá yìí. Nílé, a máa ń dúró de ọkọ kí ó ti ibi iṣẹ́ dé kí ó tó fọwọ́ sí i, tàbí kí a rí owó. Lójú ọ̀nà, ẹ̀yin mọ títì Èkó sí Abẹ́òkúta. Afárá tí a ṣí ní 2017 àti ọ̀nà bọ́ọ̀sì Òṣòdì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020 ti ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n láti ibí dé Ilé Ìwòsàn Ìjọba Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgàndò, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò mọ aboyún yàtọ̀. Abíọ́nà jẹ́ orúkọ rere, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ pé ọkọ̀ tí kò lè sún ni yóò máa sọ àwọn ọmọ wa ní orúkọ náà.

Nítorí èyí, kí oyún tó pé oṣù mẹ́jọ, ó yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti mọ ilé ìwòsàn tí a ó lọ, ọkọ̀ tí yóò gbé ni ní ọ̀gànjọ́ òru, owó tí a ti yà sọ́tọ̀, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti aboyún mu, tí ó sì ṣetán láti fi í sílẹ̀. Kí ọkọ sì ti sọ níwájú ẹ̀rí pé bí òun kò bá sí nílé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró de òun.

A kò gàn agbẹ̀bí ìbílẹ̀, a kò sì gàn ilé àgbẹ̀bí ti ìjọ, nítorí ọ̀pọ̀ aboyún ń sá lọ síbẹ̀ fún ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ tútù tí wọn kò rí níbòmíràn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ìgbìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ tí ń forúkọ irú àwọn agbẹ̀bí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kí a wádìí bóyá ẹni tí a fẹ́ lọ bá ní ìwé àṣẹ, kí a sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, ibo ni ẹ ó gbé e lọ, báwo ni yóò sì ṣe yára tó?” Agbẹ̀bí rere kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2009, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ìfẹ́dọ̀rẹ̀, wọ́n sì pè é ní Àbíyè. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù, wọ́n sì yan àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bẹ̀ wọ́n wò nílé. Bí ìlú kan bá lè ṣe é, òmíràn lè ṣe é.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àwọn obìnrin kan wà tí ẹ̀rù náà ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Oorun a dá lójú wọn, wọn a sì máa sá fún oyún pátápátá bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ wù wọ́n. Láti 2000 ni àwọn oníṣègùn ọkàn ti ń pè é ní tokophobia, wọ́n sì mọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Kí a má ṣe pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹlẹ́mìí òkùnkùn. Kí a mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí a sì máa gbàdúrà fún un pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ará wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí a bẹ̀ yín kì í ṣe ohun tí a kò lè ṣe. Kí baba kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí ìyá sọ òtítọ́ ìrọbí fún ọmọbìnrin rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù. Kí ọkọ tẹ̀ lé aya rẹ̀ lọ sí ọjọ́ ìtọ́jú aboyún ní ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán, kí ó sì múra láti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Kí ẹgbẹ́ yìí yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò lọ bá àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ wa, kí wọ́n béèrè iye aṣọ ìkélé tí ó kù, kí wọ́n sì béèrè ìgbà tí a ó gba alábàárìn láàyè. Kí ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ ní ọkọ̀ ka ọkọ̀ yín pọ̀, kí a mọ èyí tí a lè pè ní òru. Bí a bá ṣe ìwọ̀nyí, nígbà náà ni a ó tó ní ẹ̀tọ́ láti wí fún ọmọbìnrin wa pé kí ó má bẹ̀rù, nítorí ọ̀rọ̀ wa kì yóò dá nìkan lọ.

Kí Olódùmarè, ẹni tí ó mọ ìkúnlẹ̀ gbogbo abiyamọ, sọ àwọn tí ó wà nínú oyún kalẹ̀ ní ayọ̀. Kí a máa gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì máa gbọ́ ohùn ọmọ. Àmín.